Herbert Macaulay: Awọnlẹ̀ kó tó di olóṣèlú

Bí wọ́n bá dárúkọ Herbert Macaulay, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Wọ́n á rántí túbọ̀mu rẹ̀ funfun tó gùn jáde lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á sì rántí àwòrán rẹ̀ tí ìjọba tẹ̀ sára owó náírà kan ní 1979. Ohun tí wọn kì í sábà rántí ni pé awọnlẹ̀ ni ọkùnrin náà. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló kọ́, òun náà ló sì fi ń jẹun kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí kò lè mọ Macaulay tán.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, 1864, ni wọ́n bí i sí Èkó. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ló dá ilé ẹ̀kọ́ girama CMS sílẹ̀ ní 1859. Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ni ìyá rẹ̀. Ní 1881, Herbert wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Ibẹ̀ ló ti di ẹni tó ń ya àwòrán ilẹ̀ àti ilé, ìjọba sì náwó fún un láti lọ kàwé sí i ní ìlú Òyìnbó ní 1890. Ìlú Plymouth létí òkun ló dé sí. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń bójú tó ilẹ̀ àti omi ìlú náà ló ti kọ́ṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́ta.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Bí awọnlẹ̀ ayé ìgbà náà bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ kan ṣe ga tó, yóò kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti mọ gíga rẹ̀. Yóò gbé awò rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, yóò máa tún un ṣe títí omi inú ìgò kékeré tó wà lára rẹ̀ yóò fi hàn pé ó dọ́gba, bí irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ògiri. Ọmọ iṣẹ́ kan yóò gbé ọ̀pá tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára dúró lẹ́yìn, òmíràn yóò dúró níwájú. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjèèjì ni yóò sọ bí ilẹ̀ ṣe gòkè tàbí bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Báyìí ni wọn yóò máa ṣí síwájú. Nígbà tí wọ́n bá parí, wọn yóò tún wọ̀n ọ́n padà dé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí iye àbọ̀ kò bá bá ti àlọ mu, àṣìṣe wà níbì kan nìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe ló kù. Ojú òkun, nígbà tí a bá ti ṣírò kíkún àti fífà rẹ̀ sí àárín, ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ti Èkó ni wọ́n ti ń ka gíga ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé tòní. Ẹni tó bá dúró sí Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó mú ẹ̀rọ GPS kékeré dání, yóò rí gíga ilẹ̀ ibẹ̀ kà kí ó tó pẹ́. Ní ti ibi tó dúró sí, ẹ̀rọ náà ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ojú ọ̀run bá ṣí sílẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju mítà márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ti gíga ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tibẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì, nítorí òkè nìkan ni àwọn sátẹ́láìtì tó ń gbọ́ wà. Ilẹ̀ ti dí èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́ ọn. Igi ńlá àti òrùlé tún ń dí lára àwọn tó kù. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe ojú òkun ni ẹ̀rọ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, bí kò ṣe ìrísí ayé kan tí àwọn onímọ̀ fi ìṣirò yà. Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ojú òkun fi ohun tó lé ní ogún mítà ga ju ìrísí yẹn lọ. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń yọ iye yìí kúrò fúnra wọn, àwọn mìíràn kì í yọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ gọ́tà kí àgbàrá má baà wọlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ ojú omi, àṣìṣe náà nìkan tó láti gbé gbogbo àdúgbò kan sínú ọ̀sà.

Macaulay padà sí Èkó ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń gba owó tó ju tirẹ̀ lọ, àwọn náà sì fẹ̀sùn kàn án pé ó ń fi ipò rẹ̀ wá àǹfààní ara rẹ̀. Ní 1898, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ láti máa wọnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún yẹn náà ló gbé Caroline Pratt níyàwó. Obìnrin náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará Èkó ti ní ẹni tó lè ka ìwé ilẹ̀ ìjọba kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n máa san owó omi tí wọ́n fẹ́ fà wá láti Ìjù, Macaulay wà lára àwọn tó kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ omi ni, kì í ṣe pé kò mọ ìwúlò rẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú ni pé wọ́n ń di ẹrù náà lé àwọn tí a kò bi léèrè lórí.

Ayé rẹ̀ kò mọ́ tónítóní o. Ní 1913, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi jìbìtì lórí ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Àbùkù yìí kò jẹ́ kó lè du ipò ìgbìmọ̀ aṣòfin títí ó fi kú.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ló tún gbé e dìde. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa. Ní 1920, Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé àwọn tó ni ilẹ̀ ló ni ín, kí ìjọba sì san owó rẹ̀. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà 1923, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀.

Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tó tún rìnrìn àjò káàkiri ilẹ̀ wa pẹ̀lú ẹgbẹ́ NCNC, tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti 1944. Kánò ni àìsàn ti dá a dúró. Wọ́n gbé e padà wá sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, 1946. Itẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí.