Fẹlá Ṣówándé: Ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, orin ló gbé e níyì

Bí wọ́n bá dárúkọ Fẹlá, Aníkúlápó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí ìyẹn ní 1938, Fẹlá mìíràn ti wà nídìí orin.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Fẹlá Ṣówándé sí ní 1905. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó mọ orin dunjú ni bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ekúndayọ̀ Phillips ló ti kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n orin jáàsì tó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ gba ọkàn rẹ̀. Ní 1943, ó gboyè tó ga jù lọ láàárín àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1944, ó kọ African Suite fún àwọn onífáólìn àti ẹlẹgbẹ́ wọn, ó sì fi orin ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Folk Symphony ló fi kí Nàìjíríà kú oríire òmìnira ní 1960.

Lẹ́yìn náà, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti ní Howard, Pittsburgh àti Kent State l'Ámẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ọlọ́jọ́ dé sí i ní 1987.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ṣówándé kò gbàgbé tirẹ̀; kí àwa náà má ṣe gbàgbé rẹ̀.