MADAM C. J. WALKER: ALÁGBÀFỌ̀ TÓ MỌ ÀSÌKÒ ÒWÒ RẸ̀

 

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ yáwó nínú ẹgbẹ́: ṣé àsìkò ti tó kí n kówó lé òwò yìí? Ẹlòmíì á kó owó àjọ ọdún mẹ́ta lé ọjà tí kò tà rí, owó á há, gbèsè á wọlé. Ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀, ọjà rẹ̀ ń tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó fẹ̀ ẹ́, títí ẹlòmíì á fi gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tá a fi fẹ́ sọ ìtàn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Madam C. J. Walker.

Sarah Breedlove lorúkọ tí òbí sọ ọ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1867 ni wọ́n bí i ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Delta, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ nínú oko òwú kí ogun abẹ́lé ibẹ̀ tó parí lọ́dún 1865. Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sínú òmìnira. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá ti kú, ìyá náà ti kú. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, ló bá lọ sílé ọkọ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó bí Lelia, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́dún 1885. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkọ kú. Opó ọmọ ogún ọdún, ẹ gbọ́ ná!

Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí St. Louis, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣe onígbàjámọ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ṣe níbẹ̀, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Owó ojúmọ́ rẹ̀ kì í sábà tó dọ́là kan ààbọ̀. Owó aṣọ fífọ̀ yìí náà ló fi rán Lelia lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Knoxville. Kó tó dówó lé òwò rárá, orí ọmọ ló kọ́kọ́ dówó lé.

Láàárín ìgbà yìí, irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re. Kì í ṣe òun nìkan, ọ̀pọ̀ obìnrin dúdú ìgbà náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kò sómi ẹ̀rọ nílé wọn, ọṣẹ tí wọ́n ń lò sì le jù. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi, títí kan ìpara Annie Turnbo, obìnrin dúdú kan tó ti ń ta ohun ìtọ́jú irun. Sarah wá di alágbàtà fún Turnbo. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ọjà ẹlòmíì ló fi kọ́ṣẹ́. Ó mọ ẹni tó ń rà, ó mọ iye tí agbára wọn ká, ó mọ ohun tó ń dun oníbàárà, kó tó ná owó tirẹ̀ lórí ọjà tirẹ̀.

Lóṣù Keje ọdún 1905, ó kó lọ sí Denver. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó dọ́là méjì. Ṣé ó sáré ṣí ṣọ́ọ̀bù? Rárá o. Iṣẹ́ alásè ló wá. Ìgbà tó ti tọ́jú owó díẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń fọṣọ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kó lè rówó ilé san. Àwọn ọjọ́ yòókù ló fi ń po ìpara tirẹ̀, èyí tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, tó sì ń kiri rẹ̀ láti ilé dé ilé. Orí ara rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Inú Turnbo ò dùn sí i, ó ní ọjà òun ni wọ́n ń fara wé, àwọn méjèèjì sì di abánidíje láti ìgbà náà.

Lọ́dún 1906, ó fẹ́ Charles Joseph Walker, ẹni tó mọ̀ nípa ìpolówó nínú ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ lorúkọ Madam C. J. Walker ti wá. Ìgbà tí owó tó ń wọlé tó dọ́là mẹ́wàá lójúmọ́, ọkọ rò pé ó ti tó. Ìyàwó ò gbà. Lẹ́tà àwọn tó fẹ́ rà ń wọlé láti ìlú mìíràn, Lelia ló sì ń fi ọjà ránṣẹ́ sí wọn. Ọjà fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé àyè òun ti há. Ó gbéra, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe máa lò ó àti bí wọ́n ṣe máa tà á. Ọ̀rọ̀ òwò yìí wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n sì kọ ara wọn lọ́dún 1912.

Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń san owó èyí tó kàn. Lọ́dún 1908, ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú irun sílẹ̀ ní Pittsburgh. Lọ́dún 1910, ó kó lọ sí Indianapolis, nítorí ojú irin tó lọ káàkiri pọ̀ níbẹ̀, ọjà á sì yá dé ọwọ́ oníbàárà. Ó kọ̀wé sí Booker T. Washington, gbajúmọ̀ aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú, pé kó bá òun wá àwọn tó máa dówó pọ̀ fún ilé iṣẹ́. Bàbá náà kò gbà. Madam ò jókòó sunkún. Lọ́dún 1911, ó forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìdókòwò $10,000, gbogbo ṣíà rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó ra ilé, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún 1912, níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò dúdú ní Chicago, Washington yìí kan náà kò fún un láyè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó dìde fúnra rẹ̀, ó ṣàlàyé bó ṣe ti oko òwú dé ìdí ọpọ́n ìfọṣọ, láti ibẹ̀ dé ilé ìdáná, títí tó fi kọ́ ilé iṣẹ́ sórí ilẹ̀ tirẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi í sára àwọn tó máa sọ̀rọ̀.

Kò dá jẹ ẹ́ o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ti ara rẹ̀ rí iṣẹ́. Ó kó àwọn alágbàtà rẹ̀ jọ sí ẹgbẹ́, bíi tiwa yìí náà. Lọ́dún 1917, àwọn tó lé ní igba ṣèpàdé ní Philadelphia, ó sì fún àwọn tó tajà jù lọ ní ẹ̀bùn, àti àwọn tó ṣe àánú jù lọ ládùúgbò wọn. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Dúkìá tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí $600,000.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí ẹ tó wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta. Ọjà yìí, ṣé mo ti tà á ní kékeré, tí oníbàárà tún padà wá rà á? Ṣé mo ti kọ́ òwò náà dójú àmì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é? Bí owó bá há fún oṣù mẹ́ta, ṣé ilé á ṣì jẹun, ṣé ọmọ á ṣì lọ sílé ìwé? Bí ọ̀kan bá kù níbẹ̀, ẹ ní sùúrù, ẹ má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ yín sílẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì pé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dọ́là mẹ́wàá ti tó.

Ọjà á tà, èrè á wọlé, a ò ní ríjà gbèsè. Àṣẹ.