JEAN PURDY, ẸNI TÓ KỌ́KỌ́ RÍ I



Ní táàmù tó kọjá, nígbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ ìbímọ nínú Bàọ́lọ́jì, tíṣà wa mẹ́nu ba àwọn ọmọ tí àwọn èèyàn ń pè ní ọmọ inú ìgò. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá inú ìgò míníráà ni wọ́n ti ń bí wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ojú tì mí. Àǹtí mi kan ti ń wá ọmọ láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìtọ́jú yìí, kò bọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wá ìtàn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mo ti gbọ́ orúkọ ọkùnrin méjì tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé obìnrin kan wà pẹ̀lú wọn.

Orúkọ rẹ̀ ni Jean Purdy. Ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1945. Kì í ṣe dókítà o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́. Ní ọdún 1968, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 23, ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Edwards, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wádìí bí ẹyin obìnrin ṣe lè pàdé àtọ̀ ọkùnrin nínú àwo láàbù. Ẹnì kẹta wọn ni Patrick Steptoe, dókítà kan ní Oldham, tó mọ bí a ṣe ń fi awò tín-ín-rín wo inú ikùn láìla ikùn náà gbàràmù.

Kí ni wọ́n ń wá gan-an? Àwọn obìnrin kan wà tí ọ̀nà tí ẹyin wọn ń gbà dé ilé ọmọ ti dí. Ẹyin dáa, ilé ọmọ dáa, ọ̀nà ni kò sí. Bí afárá bá já, ṣebí èèyàn á wá ibòmíràn gbà sọdá odò ni. Wọ́n ní àwọn á mú ẹyin jáde, àwọn á jẹ́ kó pàdé àtọ̀ nínú àwo, tó bá ti di ọlẹ̀, àwọn á gbé e sínú ilé ọmọ ìyá rẹ̀.

Ó dùn ún sọ lẹ́nu, àmọ́ kò rọrùn rárá. Láti Cambridge ni Jean àti Edwards ti ń wa mọ́tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ sí ọsibítù kékeré kan nítòsí Oldham. Jean ló ń po omi tí ẹyin máa wà nínú rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ọ kó má tutù, òun ló ń fi máíkírósíkóòpù wò ó, òun náà ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ní 1971, àjọ tó ń fi owó ìjọba ṣe ìrànwọ́ fún ìwádìí ìṣègùn kọ̀, wọn ò fún wọn ní kọ́bọ̀. Àwọn kan ń bú wọn pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n fẹ́ gbà ṣe. Nígbà tí ìyá Jean ṣàìsàn, tó dúró tì í, ńṣe ni iṣẹ́ náà dúró títí ó fi padà. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ lásán.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ọlẹ̀ wọlé nìyí. Wọ́n á fa òun àti omi díẹ̀ sínú rọ́bà tín-ín-rín, wọ́n á ki rọ́bà náà gba ẹnu ilé ọmọ wọlé, wọ́n á rọra fi í síbẹ̀. Kò sí pé wọ́n ń la nǹkan kan. Ṣùgbọ́n léraléra ni oyún ń kọ̀, tí kò dúró. Ní 1976, ọ̀kan dúró, àmọ́ kì í ṣe inú ilé ọmọ ló dúró sí, wọ́n ní láti yọ ọ́. Wọ́n wá fura pé oògùn tí àwọn ń fún àwọn obìnrin náà lè máa dí ilé ọmọ lọ́wọ́.

Ní 1977, wọ́n pa oògùn tó ń mú ẹyin púpọ̀ gbó tì. Ẹyin kan ṣoṣo tí ara fúnra rẹ̀ ń gbó lóṣù ni wọ́n ń dúró dè. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń yẹ ìtọ̀ obìnrin wò kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ẹyin náà fẹ́ já. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ẹyin Lesley Brown mú, obìnrin tó ti ń wá ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án. Jean ló ń ṣọ́ àwo náà. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé ọlẹ̀ náà ti pín, ó ti di sẹ́ẹ̀lì 8. Wọ́n gbé e wọlé, ó sì dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1978, wọ́n bí Louise Brown ní Oldham.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nọ́ńbà kan. Láàárín 1969 sí 1978, obìnrin 282 ló yọ̀ǹda ara wọn. Ìgbà 112 ni wọ́n gbé ọlẹ̀ wọlé. Oyún 5 ló dúró, ọmọ 2 ló yè. Mo ṣírò rẹ̀: kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi han àǹtí mi, mo rò pé ó máa tù ú nínú. Ó wò ó títí, ó wá bi mí pé àwọn obìnrin yòókù ńkọ́? Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àwọn náà wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí, bí wọn ò tiẹ̀ gbọ́mọ pọ̀n.

Ní 1980, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ilé ìwòsàn Bourn Hall sílẹ̀ nítòsí Cambridge. Jean ló rí ilé náà. Kò pẹ́ sí i tí jẹjẹrẹ awọ ara mú un. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1985, kò tíì pé ogójì ọdún. Steptoe kú ní 1988. Nígbà tí Edwards gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010, òun nìkan ló gbà á, torí wọn kì í fún òkú. Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé àmì ìrántí kọ́ ní Oldham, Edwards kọ lẹ́tà pé kí orúkọ Jean wà níbẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ sí i. Ó di 2018 kí wọ́n tó fi òkúta ìrántí sí ibojì rẹ̀, kí wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ kedere.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní 1989 ni wọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní LUTH, l'Ékòó.

Àǹtí mi ò tíì sọ bóyá òun máa tún un ṣe, èmi náà ò sì bi í. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ò ju ẹyọ kan lọ. Tí wọ́n bá tún dárúkọ ọmọ inú ìgò ní kíláàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ ẹni tó jókòó tì yín.