Ada Lovelace, Ẹni tí Ó Kọ Iṣẹ́ fún Ẹ̀rọ Ìṣirò

Àwọn àgbà a máa wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀ tán, a di odindi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúàbí: ohun tí a kò bá pa láṣẹ fún un, kò lè ṣe é. Ẹni tí ó bá ń kọ àpẹẹrẹ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ ní láti sọ odindi ọ̀rọ̀ fún un, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àsọtúnsọ sú ènìyàn tí yóò kà á. Obìnrin kan ti bá ìṣòro yìí pàdé kí kọ̀ǹpútà tó dé ayé.

Ní ìlú London ni a bí Ada, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, ọdún 1815. Lord Byron, akéwì olókìkí, ni baba rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí baba rẹ̀ fi fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí kò sì padà mọ́. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó jogún ìwà baba rẹ̀, nítorí náà ó mú kí a kọ́ ọ ní ìṣirò láti kékeré. Ní ọdún 1833 ó pàdé Charles Babbage, ọ̀mọ̀wé tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò. Ní ọdún 1835 ó fẹ́ William King, ẹni tí ó joyè Lovelace lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1842, Luigi Menabrea, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, kọ àròkọ ní èdè Faransé lórí ẹ̀rọ tuntun tí Babbage ń gbèrò. Ada túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1843, àlàyé náà gùn tó ìlọ́po mẹ́ta àròkọ.

Nínú àlàyé tí ó kẹ́yìn, ó fi bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe wá àwọn nọ́ńbà Bernoulli hàn. Ìṣirò tí ó le ni, ṣùgbọ́n ìlà 25 péré ni ó fi kọ ọ́. Níbi tí ẹ̀rọ yóò ti padà ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò tún un kọ. Ó kàn ní kí a tún ìlà 13 títí dé 23 ṣe. Ibẹ̀ ni ó ti gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun pamọ́ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: irú iṣẹ́ tí a ó ṣe, nọ́ńbà tí a ó lò, ibi tí a ó fi ìdáhùn sí, àti ìtumọ̀ ìdáhùn náà, gbogbo wọn ni ó ya àyè sọ́tọ̀ fún.

Àyè wọ̀nyí kò ṣòfò. Àṣìṣe kan wà ní ìlà 4: nọ́ńbà tí ó yẹ kí a pín bọ́ sí ipò èyí tí ó yẹ kí a fi pín in. Babbage kò parí ẹ̀rọ rẹ̀ títí ó fi kú, nítorí náà kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tú àṣìṣe náà fó. Àwọn òǹkàwé ni ó rí i, nítorí pé ìtumọ̀ ìdáhùn tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà kò bá àṣẹ inú rẹ̀ mu.

Ada kú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, ọdún 1852, ní ẹni ọdún 36. Ẹ̀gbẹ́ baba tí kò mọ̀ ni a sin ín sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀. Ẹ gé àsọtúnsọ kúrò nínú ohun tí ẹ bá ń kọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé ohun tí yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí àṣìṣe yín.