Àìná Ọnàbólú àti Ìjà Orí Àwòrán Tí Ó Jọ Ènìyàn

Nínú ìtàn ọnà àwòrán òde-òní ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Àìná Ọnàbólú ni aṣáájú. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882, ní àkókò tí àwòrán yíyà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ààyè nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Àwòrán inú ìwé àwọn Òyìnbó ni ó ń ṣe àdàkọ rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ní 1906, nígbà tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó fi ọ̀dà olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage.

Ìjọra ni ó ń lépa, èyí tí kì í ṣe àfojúsùn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá mọ ère ìbejì, irú èyí tí kò ṣọ̀wọ́n ní Ìgbò-Ọrà rí, yóò ti ṣàkíyèsí pé ìkókó ni ó kú, àgbàlagbà tí a di irun fún ni agbẹ́gilére gbẹ́. Àwọn Òyìnbó kan wá gbà pé Aláwọ̀dúdú kò lè ya ènìyàn bí ó ti rí. Ẹjọ́ tí Ọnàbólú fi búrọ́ọ̀ṣì rò nìyẹn.

Ọ̀dà olóróró ni ó bá iṣẹ́ náà mu jù. Kì í tètè gbẹ. A lè po ìmọ́lẹ̀ àti òjìji pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi yọ lójú aṣọ àwòrán. Awọ dúdú kì í sì í ṣe dúdú lásán: pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 1920 ó ya Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ó sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Páríìsì.

Lẹ́yìn tí ó padà dé ní 1922, ó ń ti ilé-ìwé kan dé òmíràn ní Èkó láti kọ́ni. Ó rọ ìjọba láti fi olùkọ́ kún un. Kenneth Murray dé ní 1927, ṣùgbọ́n ọnà ìbílẹ̀ ni òun fẹ́ kí àwọn ọmọ gbájú mọ́, kí ìlànà Òyìnbó má baà ba ọwọ́ wọn jẹ́. Murray kò jẹ̀bi tán, nítorí ó jà fitafita láti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Síbẹ̀, ọmọ tí a kò kọ́ ní ìlànà kan rí kò tíì ní àǹfààní láti kọ̀ ọ́.

Ọnàbólú kò yí ohùn padà. Ìlànà perspective, bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú, ni ó tẹnu mọ́ ní kíláàsì, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó jáde láyé ní 1963.