John Charles: Òmìrán Oníwà Pẹ̀lẹ́ Ọmọ Ilẹ̀ Wales

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Ohun tí àwọn àgbà ń tọ́ka sí nínú òwe yìí ni pé agbára nìkan kò tó. Ẹni tí ó ní agbára gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò lò ó àti ìgbà tí yóò kó o níjàánu. Nínú eré bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, níbi tí eegun ti ń pàdé eegun, tí inú sì máa ń tètè bí ènìyàn, àwọn tí òwe yìí kò bá wí kò pọ̀. John Charles, ọmọ bíbí ilẹ̀ Wales, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ó sì síngbọnlẹ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun, kò sí rẹfirí tí ó lé e kúrò lórí pápá tàbí tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwà àìdáa. Iṣẹ́ yìí gbé ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ̀wò láti fi hàn pé ìwà pẹ̀lẹ́ kì í dí ògo lọ́nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá yàn án lè fara gbá nínú rẹ̀.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

William John Charles ni orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1931 ni wọ́n bí i ní àdúgbò Cwmbwrla ní ìlú Swansea, ní gúúsù ilẹ̀ Wales. Mel, àbúrò rẹ̀, náà di ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù, àwọn méjèèjì sì jọ gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wọn.

Ọmọ ọdún 14 ni John nígbà tí ó lọ darapọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní pápá ẹgbẹ́ Swansea Town. Iṣẹ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n tọ́jú pápá, kí wọ́n sì nu bàtà àwọn ọ̀gá wọn. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan fún ẹgbẹ́ àgbà Swansea. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń wá ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá kiri fún Leeds United ni ó rí i, a sì mú un lọ sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948, kí ó tó pé ọmọ ọdún 17.

Ìràwọ̀ Rẹ̀ Yọ ní Leeds

Major Frank Buckley ni olùdarí Leeds nígbà náà. Ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ fi Charles sí. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 1949, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Queen of the South, wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí máa ṣọ́ Billy Houliston, ẹni tí ó ń gbá iwájú fún orílẹ̀-èdè Scotland. Houliston kò rí góòlù kankan jẹ. Ọ̀mì ni wọ́n gbá. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹta, ọdún 1950, Charles wọ aṣọ Wales fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n pàdé Northern Ireland ní Wrexham. Ọmọ ọdún 18 ó lé díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó kéré tó o tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Wales rí títí di ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1952, Buckley gbé e kúrò lẹ́yìn lọ sí iwájú. Ẹni tí ó ti ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn atamátàsé wá di atamátàsé fúnra rẹ̀. Bí ó bá fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lè bá a dé ibẹ̀. Ní sáà 1953 sí 1954, góòlù 42 ni ó jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 39 nínú líìgì. Títí di òní, kò tí ì sí agbábọ́ọ̀lù Leeds tí ó jẹ góòlù tó bẹ́ẹ̀ nínú sáà líìgì kan. Ní ọdún 1956, Leeds gòkè lọ sí ìpele kìn-ín-ní, àwọn kan sì rò pé ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ yóò mọ. Góòlù 38 ni ó fi dá wọn lóhùn ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, òun sì ni ó jẹ góòlù jù lọ ní ìpele náà.

Sáà yìí kan náà ni àjálù dé bá Leeds. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956, iná jó ilé ìwòran tí ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn pápá Elland Road. Àtúnkọ́ rẹ̀ yóò ná ẹgbẹ́ náà ní owó ńlá, kò sì sí ohun tí wọ́n ní tí ó lè mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá bí kò ṣe Charles. Ní ọdún 1957, wọ́n tà á fún Juventus, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì, ní £65,000. Kò sí agbábọ́ọ̀lù ọmọ Bìrìtìkó tí wọ́n ti san owó tó bẹ́ẹ̀ lé lórí rí.

Ògo Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ítálì

Láti ọdún 1952 ni Juventus kò ti gba ife líìgì ilẹ̀ Ítálì. Ní sáà àkọ́kọ́ tí Charles lò níbẹ̀, wọ́n gbà á. Góòlù 28 ni ó jẹ, òun náà sì ni ó jẹ góòlù jù lọ ní líìgì náà. Òun, Omar Sívori ọmọ Ajẹntínà, àti Giampiero Boniperti ọmọ Ítálì ni ìgbákejì ara wọn ní iwájú. Sívori gbóná bí iná, ó sì máa ń fa ìjà. Charles dà bí omi, òun ni ó sábà ń pẹ̀tù sí i nínú. Ẹ̀mẹta ni Juventus gba ife líìgì nígbà tí Charles wà lọ́dọ̀ wọn: ní 1958, 1960 àti 1961. Ẹ̀mejì ni wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Ítálì, ní 1959 àti 1960. Ní ọdún 1959, ipò kẹta ni ó wà nígbà tí wọ́n dìbò yan agbábọ́ọ̀lù tí ó mókè jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Turin kò jẹ́ kí ó parun. Juventus ń bá Torino, orogún wọn nínú ìlú kan náà, figagbága. Charles sáré lé bọ́ọ̀lù, apá rẹ̀ sì ṣèèṣì ba ẹni tí ń ṣọ́ ọ, onítọ̀hún ṣubú lulẹ̀. Ọ̀nà là gbooro níwájú rẹ̀, asọ́lé nìkan ni ó kù. Dípò kí ó jẹ góòlù, ńṣe ni ó gbá bọ́ọ̀lù jáde kí wọ́n lè tọ́jú ẹni tí ó farapa. Irú ìwà báyìí ni ó mú kí àwọn ará Ítálì máa pè é ní Òmìrán Oníwà Pẹ̀lẹ́.

Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé Ọdún 1958

Wales kò kọ́kọ́ yege fún ìdíje ọdún 1958 ní ilẹ̀ Swídìn. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kọ̀ láti bá Ísírẹ́lì gbá, wọ́n ṣẹ́ gègé láàrin àwọn tí ó ṣe ipò kejì, ó sì mú Wales. Wọ́n borí Ísírẹ́lì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì yege. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ítálì kò tètè yọ̀ǹda Charles, nítorí náà ó pẹ́ kí ó tó dé bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó ti dé, ó fi orí kan góòlù kan sínú àwọ̀n Hungary, àwọn méjèèjì sì gbá ọ̀mì. Wales tún gbá ọ̀mì pẹ̀lú Mẹ́síkò àti Swídìn, ó sì di dandan kí wọ́n tún pàdé Hungary láti mọ ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú.

Ọjọ́ yẹn ni a dán ìwà John Charles wò jù lọ. Àwọn ará Hungary gbá a nípàá léraléra. Wọn kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó ní agbára láti gbẹ̀san, ṣùgbọ́n kò gbẹ̀san. Wales borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1, ṣùgbọ́n ara Charles kò yá láti bá Brazil gbá ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó wà nígbà tí Pelé, ọmọ ọdún 17, jẹ góòlù kan ṣoṣo tí ó lé Wales sílé. Títí di òní ni àwọn ará Wales ń bi ara wọn léèrè ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí Charles bá wà nínú pápá. Ọdún 64 kọjá kí Wales tó tún dé ìdíje náà, ní 2022.

Ìrọ̀lẹ́ Ayé Rẹ̀

Ní ọdún 1962, Charles padà sí Leeds. Ṣùgbọ́n eré bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu mọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11 péré ni ó gbá nínú líìgì kí wọ́n tó tà á fún Roma. Kò pẹ́ níbẹ̀ náà. Ó lọ sí Cardiff City ní 1963, ó sì lọ sí Hereford United ní 1966, níbi tí ó ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó sì tún jẹ́ olùdarí títí di 1971. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ó gbá fún Wales, góòlù 15 ni ó sì jẹ.

Ọwọ́ tí ó rọ̀ yìí kò mọ owó dì mú. Òwò tí ó dáwọ́ lé lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kò yọrí sí rere, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Síbẹ̀, àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún kò gbàgbé rẹ̀. Ní 1997, àwọn olólùfẹ́ Juventus dìbò yàn án gẹ́gẹ́ bí àjèjì tí ó dára jù lọ nínú àwọn tí ó ti wọ aṣọ wọn rí. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Elizabeth Kejì, fi oyè CBE dá a lọ́lá ní 2001.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2004, àìsàn kọlù ú ní ìlú Milan. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ni ó bẹ́ nínú ikùn rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, Juventus sì ṣètò ọkọ̀ òfuurufú tí ó gbé e padà sílé. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 2004, ní ẹni ọdún 72.

Ìkádìí

A ti rí i pé ìwà pẹ̀lẹ́ John Charles kì í ṣe ti ọ̀lẹ tàbí ti ojo. Ẹni tí kò lágbára láti ṣe ìkà kò ní ohun tí yóò kó níjàánu. Ẹni tí ó lágbára, tí ó sì kọ̀ láti fi ṣe ìkà, ni a ń pè ní ọmọlúàbí. Ó jìyà nítorí rẹ̀ ní Swídìn, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì jìyà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀, èrè rẹ̀ ju àdánù lọ. Ilé ìwòran tí iná jó ní Elland Road ní 1956, èyí tí owó tí wọ́n tà á ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún kọ́, orúkọ John Charles ni wọ́n fi pè é lẹ́yìn ikú rẹ̀. Igi tí ó bá rú ewé fún ará ọ̀nà kì í ṣàìní ẹni tí yóò rántí òjìji rẹ̀.