Seydou Keita: Káfíńtà ará Bamako tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwọ̀ dúdú

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ àwọn àgbààgbà wa, tí ẹ gbójú sókè wo ògiri, ẹ ó rí fọ́tò àtijọ́ kan tàbí méjì tí wọ́n fi gíláàsì bò. Nínú púpọ̀ nínú wọn, aṣọ òkè hàn, gèlè hàn, kódà àga tí wọ́n fi jókòó hàn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ni fọ́tò ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Nínú àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú náà funfun bí ẹni pé wọ́n da lẹ́búlẹ́bú sí i, débi pé àwọn ọmọ tó mọ ìyá wọn dáadáa á máa sọ pé ìyá àwọn kò pupa tó báyìí. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹni tó jókòó. Ọwọ́ ayafọ́tò ló wà.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó lo bí ọdún mẹ́rìnlá nídìí iṣẹ́ yìí ní ìlú Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, tí ojú àwọn tó yà kò sì sọnù sínú òkùnkùn. Seydou Keita ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti papò dà, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ fọ́tò ilẹ̀ Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá.

Nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí i, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba àwọn Faransé. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe olówó, iṣẹ́ káfíńtà ló fi ń bọ́ ilé. Seydou ni àkọ́bí, kò sì rí ilé-ìwé lọ. Láti kékeré ló ti ń di òòlù àti ayùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tiemoko. Ẹni tó bá ti jókòó ti káfíńtà rí mọ̀ pé bó bá fẹ́ mọ bí ara pákó ṣe dán tó, ńṣe ni yóò gbé e sókè, tí yóò dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè rá kọjá lára rẹ̀. Èmi kò lè búra pé ibẹ̀ ni Seydou ti kọ́ ojú tó fi ń wo ènìyàn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ọdún tó lò nídìí pákó ṣòfò.

Ní ọdún 1935, Tiemoko lọ sí Senegal, ó sì mú kámẹ́rà Kodak kékeré kan bọ̀. Seydou ló fún. Bí ọmọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya ará ilé nìyẹn, àwọn tó kọ́kọ́ yà kò sì ṣe é fi han ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ó ń fi ọwọ́ kan kan pákó, ó ń fi èkejì kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Òyìnbó Faransé kan wà ní Bamako tó ń jẹ́ Pierre Garnier, tó ń ta ohun èlò fọ́tò. Ìsọ̀ rẹ̀ ni Seydou ti ń ra fíìmù, tó sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹlòmíràn tó ràn án lọ́wọ́ gan-an ni Mountaga Dembele, olùkọ́ ilé-ìwé tó tún jẹ́ ayafọ́tò. Lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù, tí wọ́n sì ń tẹ fọ́tò sórí bébà nínú yàrá òkùnkùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yíyà nìkan kọ́ ni fọ́tò. Ìdajì iṣẹ́ náà wà nínú òkùnkùn yẹn.

Ọdún 1948 ló ṣí stúdíò tirẹ̀ sínú agboolé ìdílé wọn ní Bamako-Koura, nítòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí kò sì jìnnà sí ibùdó rélùwéè. Ibi tó dára fún òwò ni. Ẹni tó bá ti Dakar wọkọ̀ ojú irin dé, tó ti ra aṣọ tuntun, tó fẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ pé nǹkan ń lọ dáadáa, ọ̀dọ̀ Keita ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Kò pẹ́ rárá tí òkìkí rẹ̀ fi kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá tú ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ náà wò. Ìmọ́lẹ̀ ni fọ́tò. Ohun tó bá dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà sínú kámẹ́rà ni yóò funfun, èyí tó bá dá díẹ̀ padà ni yóò dúdú. Aṣọ funfun sì máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ní ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po ju àwọ̀ dúdú lọ. Bí ènìyàn dúdú bá wá wọ agbádá funfun, tó jókòó sínú oòrùn ọ̀sán gangan, wàhálà dé nìyẹn. Bí ayafọ́tò bá gba ìmọ́lẹ̀ ṣókí nítorí agbádá, ojú á di èédú. Bó bá gba púpọ̀ nítorí ojú, gbogbo iṣẹ́ ọnà ara agbádá á parẹ́, ẹni náà á dà bí ẹni tó fi bébà wé ara. Oòrùn tó bá sì dúró sángbá lórí ènìyàn á tún sọ kòtò ojú di ihò, á jẹ́ kí iwájú orí máa kọ mànà. Àwọ̀ dúdú kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo: dúdú wà, pupa rẹ́súrẹ́sú wà, pọ́nbélé wà. Ọkọ àti ìyàwó lè jókòó pọ̀, kí àwọ̀ wọn má bára mu rárá, kí ayafọ́tò sì ní láti mú àwọn méjèèjì nínú fọ́tò kan náà.

Keita fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ju iná mànàmáná lọ. Àgbàlá rẹ̀ ló máa ń ta aṣọ sí, iwájú aṣọ náà ni oníbàárà yóò sì dúró sí. Bí ẹ bá wo púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò jẹ́ kí ojú kọjú sí kámẹ́rà tààrà. Ó máa ń yí orí àti èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan yóò mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, tí imú, ètè àti ìlà ojú yóò sì dúró gbọingbọin ní ipò wọn. Ọgbọ́n tó mú ojú aláwọ̀ dúdú hàn láìsí àtíkè nìyẹn. Kò sọ ẹni dúdú di pupa. Ohun tó ṣe ni pé ó wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti fọwọ́ kan ara.

Aṣọ ẹ̀yìn náà ní ìtàn. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta, èyí tó ní wajawaja létí. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, á yí i padà: ó lo aláwòrán ewé, ó lo aláràbarà, ó tún lo aláwọ̀ eérú tí kò ní ọnà kankan lára. Nígbà tó darúgbó, aṣọ wọ̀nyí ló fi ń mọ ọdún tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Obìnrin lè wọ aṣọ olódòdó dúró níwájú aṣọ olódòdó, kí ọnà máa pè ọnà ránṣẹ́, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ni ẹni tó ń wò ó yóò kọ́kọ́ rí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọnà ti dákẹ́.

Àwọn nǹkan àfihàn pọ̀ ní stúdíò náà: kóòtù àti táì, rédíò, tẹlifóònù, òdòdó oníke, Vespa, àti mọ́tò Peugeot 203 tirẹ̀. Àwọn fọ́tò àpẹẹrẹ wà lára ògiri kí oníbàárà fi yan ìdúró tó wù ú. Òun ló ṣì máa tún un dúró lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń tẹ kámẹ́rà, nítorí fíìmù wọ́n.

Kámẹ́rà ńlá ló ń lò, èyí tí fíìmù rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Kò nílò ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di ńlá. Ńṣe ló máa ń lẹ fíìmù mọ́ bébà, tí yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí i, bí fíìmù ṣe tó ni fọ́tò ṣe máa tó. Fọ́tò kékeré tí èèyàn lè fi àpòòwé ránṣẹ́ ni. Àwọ̀ ara inú wọn rọ̀, láàárín dúdú àti funfun, eérú oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, ìwọ̀nyí ló sì ń sọ fún ojú pé awọ ènìyàn nìyí, kì í ṣe òkúta.

Mali gba òmìnira ní ọdún 1960. Ní 1962, ìjọba mú Keita gẹ́gẹ́ bí ayafọ́tò ìjọba, kò sì pẹ́ tí stúdíò fi wọ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí di 1977 tó fẹ̀yìn tì. Fọ́tò aláwọ̀ mèremère ti gbòde nígbà yẹn, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i, ó ní ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ pé fọ́tò aláwọ̀ mèremère ayé ìgbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe tiwa. Fọ́tò obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Shirley ni Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ fọ́tò, kí wọ́n fi wọn àwọ̀ ara. Ohun tó tiẹ̀ wá jọ ni lójú ni pé lára àwọn tó mú kí ilé-iṣẹ́ náà tún fíìmù ṣe ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onípákó, nítorí ọjà wọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò. Pákó dúdú rí olùgbèjà kí ènìyàn dúdú tó rí. Ká ní káfíńtà Bamako gbọ́ ìyẹn ni, yóò rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1991, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ní New York. Mélòó kan nínú fọ́tò Keita wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé àwọn kò mọ ẹni tó yà wọ́n. Jean Pigozzi, tó máa ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, rí wọn, ó sì rán André Magnin sí Bamako láti wá ẹni náà. Malick Sidibé, ayafọ́tò mìíràn tó lókìkí, ló mú un dé ọ̀dọ̀ bàbá náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fíìmù ló kó jọ sínú àpótí. Ní 1994, wọ́n pàtẹ wọn ní Fondation Cartier ní Paris, ayé sì gbọ́.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Ní Paris, wọ́n sọ àwọn fọ́tò kékeré náà di gìrìwò, òmíràn ga ju mítà kan lọ. Wọ́n tẹ̀ wọ́n kí dúdú dúdú kirikiri, kí funfun sì funfun báláú. Ó wu ojú, kò sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, eérú tó wà láàárín ti dín kù, àwọn tí oníbàárà gbé lọ sílé pẹ̀lú àwọ̀ ara wọn ti wá dúdú ju bí wọ́n ṣe wà lọ. Ojú tèmi ni mo fi sọ ìyẹn o. Keita fúnra rẹ̀ rí àwọn ńlá náà, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀, ó ní ìgbà náà gan-an lòun mọ̀ pé iṣẹ́ òun dára. Ta ni yóò wá bá oníṣẹ́ jiyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Bamako, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ fọ́tò wọn.

Oṣù kọkànlá ọdún 2001 ló kú sí Paris. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni àwọn fíìmù náà fi dé ilé ẹjọ́. Ní 2016, nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá fún un ní Grand Palais ní Paris, wọ́n gbé àwọn ńlá náà kọ́, wọ́n sì tún kó àwọn kékeré àtijọ́ wá, àwọn tó ti ṣá, tí etí wọn ti kán, tí àwọn kan nínú wọn sì gba ọ̀dà díẹ̀ sí ètè àti ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀yìn irú àwọn kékeré yẹn ni òǹtẹ̀ rẹ̀ máa ń wà: orúkọ rẹ̀, Bamako-Koura, àti pé ní ọ̀kánkán ọgbà ẹ̀wọ̀n.